Kí ni gìtá yẹn ń sọ? Ìjíròrò lórí àwo "Wish You Were Here" ti Pink Floyd

Adéṣọlá Gìtá kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin. Àwo tó wà lọ́kàn mi lónìí ni "Wish You Were Here" tí Pink Floyd, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1975. Orin 5 péré ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 44 lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò tíì gbọ́ ọ parí rí kí n dìde lójú ẹsẹ̀.

Orin àkọ́kọ́ ni "Shine On You Crazy Diamond". Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí ìrì ń sẹ̀ lórí pápá ní ìdájí. Dùùrù Richard Wright á tẹ́ ẹní sílẹ̀, gìtá David Gilmour á wá jókòó lé e, á sọ díẹ̀, á dákẹ́, á tún sọ díẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú 4, gbogbo rẹ̀ á pa rọ́rọ́. Gìtá á wá ta ohùn 4 péré. Á dúró. Á tún ta á.

Ohùn 4 yẹn ni mo fẹ́ bi yín. Bàbá mi kì í gbọ́ orin òyìnbó rárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí mo gbé àwo náà sí i ní pálọ̀, wọ́n gbójú sókè kúrò nínú ìwé ìròyìn wọn, wọ́n ní, "Kí ni ìyẹn ń sọ?" Wọn ò bi mí pé ta ló ń kọrin, ohun tó ń sọ ni wọ́n bi mí. Mi ò rí èsì fọ̀. Mo tiẹ̀ ti fi gìtá tèmi wá ohùn náà, etí ni mo fi ń wá a, kò jọ. Lójú tèmi ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, ṣùgbọ́n bí orin ìsìn ló ń dún.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ gbọ́?

Bàbá Àwo kọ:

Adéṣọlá, o kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní London nígbà tí àwo yìí jáde, mo sì ra tèmi kí ọdún 1975 tó parí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rá dúdú ni wọ́n fi wé e, dúdú kirikiri, kò sí àwòrán tó hàn níta. Ohun kan ṣoṣo tó wà lára ọ̀rá náà ni sítíkà kan tí wọ́n ya ọwọ́ irin méjì sí, tí wọ́n ń bọ ara wọn. Storm Thorgerson ti Hipgnosis, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe èèpo àwo, ló ṣètò rẹ̀. Ó fetí sí orin náà, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni, ó ní kí èèpo àwo náà pẹ̀lú sá pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò fẹ́ kí ọ̀rá náà ya. Èmi fi abẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tínínrín, ibẹ̀ ni mò ń gbà fa àwo jáde. Ó tó ọdún kan kí n tó rí àwòrán tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo rí i, àyà mi já. Ọkùnrin méjì tó wọ kóòtù ń bọ ara wọn lọ́wọ́ láàárín àwọn ilé gìrìwò ńlá kan, iná sì ń jó ọ̀kan nínú wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Iná gidi ni o! Ní Burbank ní Kalifọ́níà, nínú ọgbà tí Warner Bros. ti ń ya fíìmù, ni wọ́n ti ya á. Ronnie Rondell, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣe ohun eléwu dípò àwọn òṣèré, ló wọ aṣọ tí iná kì í ràn sábẹ́ kóòtù, ó dé irun àtọwọ́dá lórí aṣọ náà. Wọ́n ya á lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà kan atẹ́gùn yí padà, iná fẹ́ sí i lójú, ó sì jó o ní irunmú. Ẹni tí kò jó kò tiẹ̀ wo iná yẹn, ó ń bọ ọwọ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo ti wo àwòrán yẹn fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ọkùnrin kejì yẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù ju iná lọ.

Ní ti ohùn 4 yẹn, mo ní ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ ohùn ju mí lọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Dúdú kọ:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Mo fẹ́ràn irú rọ́ọ̀kì yìí gan-an ni. Ẹ fún mi ní "Close to the Edge" tí ẹgbẹ́ Yes ṣe ní 1972, tí orin kan gba gbogbo ojú kan àwo, tí ìlù Bill Bruford ń pọ́n òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fún mi ní ẹgbẹ́ King Crimson ti 1969. Àwọn yẹn ń ṣiṣẹ́, ẹ máa gbọ́ òógùn lójú wọn. Ṣùgbọ́n àwo yìí lọ́ra jù fún mi. Ó ju ìṣẹ́jú 8 lọ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu kọrin nínú "Shine On". Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, mo sùn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni mi ò rí?

Àbẹ̀kẹ́ Peckham kọ:

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìbéèrè rẹ dára, mi ò ní fi bínú. Ṣé àwo jùjú wà nílé yín nígbà tí o wà lọ́mọdé? Nílé tiwa, bí Olóyè Ebenezer Obey tàbí Sunny Ade bá bẹ̀rẹ̀ orin ní ojú kan àwo, ibi tí ojú àwo náà bá parí sí ni orin parí sí. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ó pẹ́ jù. Gìtá á kọ́kọ́ kí ara wọn, ìlù á fèsì, àwa ọmọdé á ti mọ̀ pé orin kò tíì yá, wọ́n ṣì ń kó èèyàn jọ ni. Bí mo ṣe ń gbọ́ ìṣẹ́jú 8 yẹn náà nìyẹn. Wọ́n ń kó wa jọ.

Ṣùgbọ́n orin tó mú mi níbẹ̀ ni èyí tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà gan-an. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, nọ́ọ̀sì ni mí. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà sílé ní ìdájí ni mo ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ìparí "Have a Cigar", orin tó ṣáájú rẹ̀. Orin yẹn ń lọ pẹ̀lú agbára, gìtá ń ké, lójijì gbogbo rẹ̀ á rọ, á tín-ín-rín, bí ẹni pé wọ́n fà á wọ inú rédíò kékeré kan. Ẹnì kan á wá máa yí rédíò náà: ọ̀rọ̀ díẹ̀, ariwo ṣàà, orin Tchaikovsky fìrí, ó tún kọjá. Inú ọkọ̀ Gilmour ni wọ́n ti gba ohùn rédíò yẹn. Lẹ́yìn náà gìtá olókùn 12 á bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rédíò yẹn náà ló ṣì wà, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó jìnnà.

Ibí yìí ni kí o fetí sí dáadáa. Ẹnì kan wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ rédíò yẹn pẹ̀lú rẹ. O máa gbọ́ bó ṣe mí, bó ṣe wúkọ́. Ó wá gbé gìtá tirẹ̀, ó ń ta á tẹ̀lé ti inú rédíò. Tirẹ̀ sún mọ́ ọ, o ń gbọ́ ìka rẹ̀ lórí okùn. Gilmour kan náà ló ta méjèèjì. Ọ̀kan wà lọ́nà jíjìn, èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, wọ́n jọ ń ta orin kan, wọn ò sì lè fojú kan ara wọn. Èmi tí ìyá mi wà ní Òṣogbo, tó jẹ́ pé inú fóònù la ti ń jọ gbàdúrà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Olórin Ìjọ kọ:

Adéṣọlá, mo mọ ohun tó ṣe gìtá rẹ. Dùùrù ni mò ń tẹ̀ ní ìjọ Áńgílíkà, sol-fa ni wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré. Lálẹ́ àná mo jókòó ti dùùrù, mo wá ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà títí mo fi rí i.

Dò, sò, là, fì.

B-flat ni dò yẹn. Sò wà lókè rẹ̀. Là kì í ṣe ti òkè o, ti ìsàlẹ̀ dò ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ló tún fò sókè lọ sí fì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé fà ni ìwọ ń ta níbẹ̀, torí fà ni etí ẹni tó dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì máa ń retí. Fì wà láàárín fà àti sò. Kò sí nínú àwọn ohùn tí wọ́n fi tẹ́ orin náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àlejò ni. Ẹ tẹ fà síbẹ̀, ẹ máa rí i pé ọkàn yín balẹ̀, kò sí ìbéèrè mọ́, ẹ lè sọ pé Àmín. Ẹ wá tẹ fì. Nǹkan ti yí padà. Ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ tí ẹ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Gilmour fúnra rẹ̀ kò jókòó ṣètò rẹ̀. Ó kàn ń ta gìtá kiri, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sí i lọ́wọ́, Roger Waters tó ń ta gìtá báàsì nínú ẹgbẹ́ náà gbọ́ ọ, ó sì wọ̀ ọ́ lára. Láti inú ohùn 4 yìí ni orin tó tó ìṣẹ́jú 26 ti jáde. Wọ́n gé e sí méjì, wọ́n fi apá kan ṣí àwo náà, wọ́n fi èkejì tì í. Gilmour kò fẹ́ kí wọ́n gé e, Waters ló borí. Inú mi dùn pé ó borí, torí gbígé yẹn ló jẹ́ kí àwọn orin mẹ́ta tó kù wà láàárín rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dì mọ́ra.

Ní ti ohun tó ń sọ, mi ò kì í ṣe onílù. Ẹ pe onílù.

Adéṣọlá Gìtá kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, Olórin Ìjọ. Fà ni lóòótọ́! Mo lọ wò ó báyìí báyìí. Ìka mi ti mọ ọ̀nà fà yẹn jù, yóò gba ìgbà díẹ̀ kó tó gbà láti kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Àyàn kọ:

Mo ti dé. Wọ́n bí mi sí ìdí ìlù, gángan ni mo fi ń jẹun. Ẹ má jẹ́ kí dò ti sol-fa tí Olórin Ìjọ sọ dàpọ̀ mọ́ àmì ohùn Yorùbá tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Ẹ wo bí ohùn náà ṣe rìn: àárín, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu wa, ìyẹn ni re, mí, dò, mí. Ohun tó wá jẹ́ kí n pariwo nìyí. Ní èdè Yorùbá, bí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, kì í ga tó ohùn òkè tó ti kọjá. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan fúnra yín, kí ẹ fetí sí i, ẹ máa gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Ẹni tó ń fi gángan sọ̀rọ̀ mọ ìyẹn lọ́wọ́, bí kò tiẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu. Fì sì kéré sí sò díẹ̀ báyìí ni. Ibi tó yẹ kó wà gan-an ló wà. Gilmour kò gbọ́ Yorùbá, mo mọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n etí bàbá Adéṣọlá kò ṣì wọ́n lọ́nà. Ohùn yẹn rìn bí ọ̀rọ̀.

Mo gbé gángan, mo fi lù ú. Ohun tí èmi gbọ́ ni: "Mo ní kò sí." Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì gbé orin náà sí i. Mo ní kò sí. Mo ní kò sí. Bí ẹni tó lọ kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń dá a lóhùn láti inú ilé.

Bàbá Àwo kọ:

Ọmọ Àyàn, o pa mí lẹ́kún lónìí. Ó yẹ kí n wá sọ ohun tí èmi gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, orí ọ̀rẹ́ wọn kan ni orin náà dá lé, Syd Barrett. Òun ló fún ẹgbẹ́ náà lórúkọ, láti ara orúkọ àwọn olórin blues méjì ní Amẹ́ríkà, Pink Anderson àti Floyd Council. Òun ló kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orin wọn ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Cambridge ni, ó rẹwà, ojú rẹ̀ ń dán. Oògùn olóró àti àìsàn ọkàn wá gbé e lọ díẹ̀ díẹ̀. Á dúró lórí ìtàgé pẹ̀lú gìtá lọ́rùn, kò ní ta á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968 wọ́n wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń lọ ṣeré, ẹnì kan béèrè bóyá kí wọ́n yà gbé Syd. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí ó ṣe kúrò nínú ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ nìyẹn. Wọn ò lé e. Wọn ò kàn lọ gbé e ni.

Ọdún 7 kọjá. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1975, wọ́n wà ní sítúdíò EMI ní Abbey Road, wọ́n ń da àwọn ohùn "Shine On" pọ̀, orin tí wọ́n kọ nítorí rẹ̀. (Ilé yẹn náà ni Fela ti gba "Fela's London Scene" sílẹ̀ ní 1971. Mo ní àwo méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni mo kó wọn sí.) Ọkùnrin kan wọlé. Ó sanra, ó ti fá orí rẹ̀ àti irun òkè ojú rẹ̀ kodoro, ó mú àpò ọ̀rá dání. Olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ló mọ̀ ọ́n. Ó dúró láàárín wọn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé Syd ni. Waters bú sẹ́kún.

Àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n ń kọrin pé àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n, kò dá a mọ̀ nígbà tó dúró níwájú wọn. Kò sì sí nínú wọn tó ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ó lọ bó ṣe wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọn ò fojú kàn án mọ́ títí ó fi kú ní oṣù keje ọdún 2006.

Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn yẹn ni ohùn 4 náà ti ń sọ nǹkan kan ṣoṣo fún mi: "Ta ló pè é?" Ọmọ Àyàn, wò ó bóyá ó bá a mu.

Ọmọ Àyàn kọ:

Ta. Ló. Pè. É. Re, mí, dò, mí. Ó bá a mu régí, Bàbá. Ìlù kan náà ló gbé méjèèjì. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ìlù lè ru ọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹni tó ń gbọ́ ló máa mú tirẹ̀. Mi ò ní jà fún tèmi mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham kọ:

Mo ka èsì Bàbá Àwo ní ibùdókọ̀, mo jẹ́ kí bọ́ọ̀sì méjì kọjá lọ láìwọ̀ wọ́n.

Adéṣọlá Gìtá kọ:

Ó kù díẹ̀ kí n má kọ èyí. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Àwo sọ ló jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni kásẹ́ẹ̀tì tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ àwo yìí. Òun ló kọ́ mi ní gìtá. Tí mo bá ṣi okùn tẹ̀, kì í bá mi wí, á kàn gbá ìka mi mú, á gbé e lọ síbi tó yẹ kó wà. Nígbà tó wà ní ọdún kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n mú un wá sílé, ara rẹ̀ kò yá, àìsàn náà sì jẹ́ ti ọkàn. A ti lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú irú rẹ̀, a ti lọ sórí òkè àdúrà, ó ń lo oògùn rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ kò bà wá. Ọdún 11 rèé. Lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ló máa ń jókòó sí, pẹ̀lú rédíò kékeré tí kò ní bátìrì nínú. Ó ń jẹun, ó ń wẹ̀, ó máa ń kí èèyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àlejò bá béèrè rẹ̀, ìyá mi á ní ó wà nílé. Ó sì wà nílé lóòótọ́.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dìde bí àwo yẹn bá parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orin ọ̀fọ̀ ni. Syd kò tíì kú nígbà tí wọ́n kọ ọ́, ó ṣì gbé ọgbọ̀n ọdún sí i lókè eèpẹ̀, ó padà sí Cambridge, ó ń ya àwòrán, ó ń tọ́jú ọgbà òdòdó rẹ̀. Ẹni tó wà láàyè ni àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n. Mi ò mọ orin mìíràn tó mọ̀ pé irú àárò yẹn wà.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Dúdú kọ:

Ẹ̀gbọ́n Adéṣọlá, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín. Ọlọ́run á fún yín lókun.

Mo tún gbé e gbọ́. Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ àná, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti kú tán, gbogbo ibi dákẹ́. Mo fi ìgbọ́rọ̀ sétí, mi ò sùn. Mo gbọ́ ikọ́ tí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ sọ. Mo gbọ́ "Welcome to the Machine", bí synthesizer VCS3, ẹ̀rọ oníná tó ń ṣe ohùn orin yẹn, ṣe ń mí bí ẹ̀rọ ńlá tó wà lábẹ́ ilẹ̀, mo rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan báyìí. Mo gbọ́ bí fèrè sásófóònù Dick Parry ṣe bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, tó pààrọ̀ sí èyí tó kéré, tó sì ń sáré lọ.

Ìparí rẹ̀ ló mú mi. Apá tó kẹ́yìn nínú "Shine On", Wright nìkan ló kọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó ń tẹ̀lé òkú lọ síbi ìsìnkú. Nígbà tí ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, tí èèyàn ti fẹ́ yọ ìgbọ́rọ̀ létí, ó fi ọwọ́ kan orin kékeré kan fìrí, ó sì parẹ́. Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹrin. "See Emily Play" ni! Orin tí Syd fúnra rẹ̀ kọ ní 1967. Wright kò pariwo rẹ̀, kò dúró kó dá ẹnikẹ́ni lójú. Ó dà bí ẹni tó pe orúkọ ẹnì kan lábẹ́ ẹ̀mí kó tó paná.

Mo ṣì fẹ́ràn Yes jù. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ mọ́ pé àwo yìí lọ́ra.

Bàbá Àwo kọ:

Ọmọ mi, o gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ní àwo yẹn fún ogún ọdún tí wọn ò gbọ́ ibẹ̀.

Fi ọ̀kan kún un. Nígbà tí wọ́n ń ṣe orin tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà, Stéphane Grappelli, àgbà olórin ilẹ̀ Faransé tó ń ta gòjé òyìnbó, wà ní yàrá mìíràn nínú ilé kan náà, òun àti Yehudi Menuhin, tó ń ta gòjé bíi tirẹ̀, ń gba orin sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó wá ta gòjé sí i. Nígbà tí wọ́n da ohùn pọ̀, wọ́n rẹ gòjé náà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi bọ́ sábẹ́ ariwo atẹ́gùn tó parí orin náà, wọn ò sì kọ orúkọ rẹ̀ sára èèpo. Ọdún 2011 ni wọ́n tó gbé èyí tí gòjé rẹ̀ ti hàn kedere jáde. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbọ́ àwo mi yẹn, ó wà níbẹ̀, mi ò mọ̀.

Olórin Ìjọ kọ:

Wright àti Gilmour méjèèjì ló sọ pé àwo yìí làwọn fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ṣe. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí a ti sọ níbí, kò yà mí lẹ́nu mọ́.

Adéṣọlá, ìka ńkọ́? Ṣé ó ti kúrò ní fà?

Adéṣọlá Gìtá kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná mo gbé gìtá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kò wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn 4 náà. Dò. Sò. Là. Mo tún lọ tẹ fà, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo tún un ta, fà náà ni. Ó ti mọ́ ìka mi lára.

Nígbà tí mo ta á lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n mi gbé rédíò rẹ̀ sílẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gbá ìka mi mú lórí okùn, ó sún un síwájú kọjá irin kan ṣoṣo, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó dúró. Mo mọ̀ pé ó ń dúró dè mí láti ta á. Mo ta á.

Fì.

Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé rédíò rẹ̀ padà sórí itan. Mo ta ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò sì ṣì í tẹ̀ mọ́.